Ẹ Má Ṣe Darí Wa sí Erékùṣù Nínú Oṣù Kẹjọ

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí fífi ọkọ̀ onígbòkun gbafẹ́ láàárín àwọn erékùṣù Kroatíà, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, inú mi sì dùn pé a rí irú rẹ̀ kà ní èdè wa. Àmọ́ n kò lè dákẹ́ lórí ìmọ̀ràn tí ẹ fi kádìí rẹ̀, pé oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ló dára jù lọ. Inú oṣù Kẹjọ ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi bá ọmọ wa tó ń gbé ní Jámánì wọ ọkọ̀ ní Split, ìlú etíkun kan níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ará Abẹ́òkúta tó ń tu owó jọ fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Èrò tó ń kún ibẹ̀ ní ìdí. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà máa ń ka ọ̀sẹ̀ wọn, nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan náà ni ogunlọ́gọ̀ ọkọ̀ ń ṣí kúrò ní Split àti ìlú Trogir tó wà nítòsí rẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì ń forí lé: erékùṣù Hvar, àwọn erékùṣù Pakleni tó wà níwájú rẹ̀, àti erékùṣù Vis. Orílẹ̀-èdè tí erékùṣù rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni o!

Ọkọ̀ tó bá dé Hvar lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ṣòro kó tó rí ààyè. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń fi kọjú sí èbúté, wọ́n á so okùn mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á sì fa òmíràn láti ìsàlẹ̀ omi kó lè di iwájú mú. Ọkọ̀ á wá fún mọ́ ọkọ̀ bí èrò ọjà Ìtòkú nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la, rọ́bà tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nìkan ló là wọ́n láàárín. Aṣọ tí ìyá kan sá sórí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kán sórí tábìlì tí a ti ń jẹun.

Ẹni tí kò bá rí ààyè á lọ ju ìdákọ̀ró sí ibi tí omi ti pa rọ́rọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún jíjìn omi kó tó lè di ilẹ̀ mú dáadáa, ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀, àwọn ènìyàn máa ń dín ẹ̀wọ̀n kù kí ọkọ̀ wọn má baà yí gbá ti ẹlòmíràn. Bí bura, ìyẹn afẹ́fẹ́ líle tó ń já bọ́ láti orí òkè ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, bá wá dé lóru, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìdákọ̀ró rẹ̀ kiri. Ó ṣẹlẹ̀ níṣojú wa: ọkọ̀ tó dé kẹ́yìn fi imú gbá tiwa, ariwo rẹ̀ ló jí gbogbo wa. Òfin àwọn ọlọ́kọ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ààyè, ẹni tó dé lẹ́yìn ni kó yẹra.

Ìdákọ̀ró yìí kan náà ló ń hú Posidonia, koríko abẹ́ òkun tí ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, tí kì í tàn ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lọ́dún. Nítorí èyí, níbi tí wọ́n bá ti so bọ́ọ̀lù ńlá tó léfòó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, òun ni kí ẹ so ọkọ̀ mọ́. Ẹ san owó rẹ̀ tọkàntọkàn.

Oṣù Kẹsàn-án ni èmi ń gbà yín níyànjú. Omi òkun ṣì máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà náà, èrò á sì ti dín kù. Mo mọ̀ pé àwọn tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ lè má rí ààyè rẹ̀. Kí irú wọn máa ṣí ní ìdájí kí wọ́n lè dé èbúté kí oòrùn tó kàn tàrí.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Kroatíà ti wọ ẹgbẹ́ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, físà Schengen sì ni ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gbà. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti máa ń gba ìwé ìbéèrè fún un, nítorí náà mo bẹ̀ yín kí ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde kí àkókò tó lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbarà, Abẹ́òkúta.