Wọ́n Dá Fayólìn Dúró Nítorí Ọlọ́lá Tó Pẹ́ Dé

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ohun tí ó ń bí mi nínú láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Níbi ayẹyẹ kan tí àwọn aláṣẹ ṣe nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Ìlọrin níhìn-ín, wọ́n pe ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní fayólìn láti kékeré pé kí ó wá ta á fún àwọn àlejò. Ó ti ta orin náà dé ìdajì, gbogbo ilé ti dákẹ́, àwọn ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti gbé fóònù wọn sílẹ̀, nígbà tí ọlọ́lá kan tó ti pẹ́ dé wọlé pẹ̀lú èrò lẹ́yìn rẹ̀. Kíá ni olùdarí ètò gba gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo wa dìde, onígángan bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọlọ́lá náà, ariwo sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú fayólìn lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n ní kí ó máa bá a lọ. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n pe ẹni tó kàn lórí ètò, ó dẹ irun ọ̀pá tó fi ń ta á, ó fi aṣọ kékeré nu ẹfun oje igi tí a fi ń pa irun ọ̀pá náà, èyí tó bà sára okùn, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Mo tọ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ọjọ́ náà lọ láti béèrè ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kí ọmọ náà parí orin rẹ̀. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Bàbá, ẹ má bínú, orin òyìnbó ṣáà ni. Kì í ṣe àṣà wa.” Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn aláṣẹ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbé síwájú nígbàkígbà tí a bá béèrè fún ohunkóhun. Ó ti tó àkókò kí ẹnì kan dá wọn lóhùn ní gbangba.

Ta ni kò mọ gòjé ní Ìlọrin? Igbá tí a fi awọ bò, tí a ta irun ẹṣin sí lára, tí a sì ń fi ọrun onírun ẹṣin ta, kí ni ìyàtọ̀ ìṣe rẹ̀ sí ti fayólìn, bí kò ṣe pé okùn ti fayólìn jẹ́ mẹ́rin, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ pákó? Gòjé ni ó máa ń ké lẹ́yìn Yusuf Ọlátúnjí nígbà tó bá ń kọ sákárà, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kì í ṣe orin Yorùbá. Àwa tí à ń ki ìlú wa pé ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ ni orò ibẹ̀, ó yẹ kí á wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ mọ iyì ohun tí irun ìrù ẹṣin lè fọ̀. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá tó ń kọ orin sílẹ̀, tí a bí ní 1905, kọ orin African Suite rẹ̀ fún fayólìn àti àwọn ẹbí fayólìn ní 1944, orin ilẹ̀ adúláwọ̀ ló sì kó sínú rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, Samuel Coleridge-Taylor, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró (Sierra Leone), fi fayólìn wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1890, orin Yorùbá kan sì wà lára orin 24 tó tẹ̀ jáde ní 1905. Kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì, George Bridgetower, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni ó kọ́kọ́ bá Beethoven, ògbóǹtarìgì olórin Jámánì, fúnra rẹ̀ ta orin tí gbogbo ayé ń pe orúkọ Kreutzer mọ́ lónìí, ní Vienna, ní 1803. Joseph Emidy, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ta fayólìn títí ó fi di olùkọ́ àti aṣáájú àwọn olórin ní Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó kú sí ní 1835. Ẹrú ta á, ọmọ Sàró ta á, ọmọ Yorùbá kọ orin fún un. Ti ta ni ó wá jẹ́, bí kì í bá ṣe tiwa pẹ̀lú?

Àwọn tó dá orin yẹn dúró kò mọ ohun tí wọ́n dá dúró. Ọmọ tí yóò di atafayólìn gidi, láti kékeré ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí àmì kankan lọ́rùn fayólìn tí yóò sọ fún un ibi tí ìka rẹ̀ yóò tẹ̀, bí ti gìtá tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn. Etí ni yóò fi wá a, bí ìka bá sì fi díẹ̀ yẹ̀, ohùn ti ṣì nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni yóò máa fi wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin dánra wò, yálà iná wà tàbí kò sí, títí àpá yóò fi hàn lọ́rùn rẹ̀ níbi tí igi ń fi ara kàn. Ọmọ tí mo ń sọ yìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òmù-Àrán ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fayólìn àgbàlagbà tó tóbi jù ú lọ, nítorí pé òun nìkan ló wà nílẹ̀. Ó ń na ọwọ́ òsì títí èjìká fi ń ro ó, kò sì fi í sílẹ̀. Yehudi Menuhin, gbajúmọ̀ atafayólìn ọmọ Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1916, ọmọ ọdún méje ni nígbà tó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ olórin ńlá ti San Francisco ta fayólìn níwájú èrò. Ìdíje kárí ayé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, ẹni tí kò tíì pé ọdún 22 nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Kwara, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n ti ń fọwọ́ kan fayólìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi máa mọ orin kan ta dáadáa, ọjọ́ orí ti lé wọn kúrò nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá wá kọ́ ọ tán, kí ni ó ń dúró dè wọ́n? Níbi tí iṣẹ́ yìí ti níyì, atafayólìn lè wà nínú ọ́kẹ́sítírà tó ń san owó oṣù, ó lè máa dá ta á káàkiri, ó sì lè máa kọ́ni. Níhìn-ín, ìgbéyàwó ni. Wọn yóò ní kí ó ta orin bí ìyàwó bá ń wọlé, wọn yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, àwọn tó ń pín ìrẹsì yóò máa gba iwájú rẹ̀ kọjá, owó rẹ̀ yóò sì di “ẹ ní sùúrù, a ó pè yín.” Ní ọjọ́ Àìkú, ó di ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń gbàdúrà fún un dípò owó. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu ṣọ́ọ̀ṣì o, nítorí bí kì í bá ṣe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìlọrin àti Ìgbómìnà, fayólìn ì bá ti kú pátápátá lọ́dọ̀ wa. Àwọn aláṣẹ ni mo ń bá wí, tí wọ́n ń sọ lórí rédíò pé àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, tí wọn kò sì lè fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọmọ wọn parí orin kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta fi ń kó lọ sí Èkó.

Wọn yóò ní kò sówó. Ṣé owó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Kinshasa, olú-ìlú Kóńgò? Ní 1994 ni Armand Diangienda dá ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ìjọ Kimbangu, ìjọ Kristẹni kan, sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ orin kà. Fayólìn tó wà nílẹ̀ kò tó wọn, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi dánra wò. Òṣì àti ogun kò tú wọn ká, wọ́n sì ti ta orin Beethoven dé òkè òkun.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí mo sì ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, ni ilé àyálò fayólìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí bàtà ni fayólìn rí, ara ọmọ ló ń sọ ìwọ̀n tí yóò lò. Èyí tó kéré gan-an wà tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ìdá kan nínú mẹ́jọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìdá kan nínú mẹ́rin, ìlàjì, àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí á tó dé odindi tí àgbàlagbà ń lò, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń bọ́ sí bí wọ́n bá tó nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12. Òbí wo ní Ìlọrin ni yóò máa ra òmíràn ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ọmọ bá gùn sí i? Àwọn tó sì rí i rà, kékeré náà yóò máa gba eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti dàgbà jù ú lọ, ọmọ aládùúgbò tí ó bá mu kò sì ní rí i lò.

Kí ìjọba ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní Ìlọrin, kí wọ́n ra fayólìn oríṣiríṣi ìwọ̀n síbẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Òbí yóò mú ọmọ wá, olùkọ́ yóò wọn ọwọ́ ọmọ láti ọrùn dé àtẹ́lẹwọ́, òbí yóò fi owó díẹ̀ ṣe ìdúró, yóò buwọ́ lùwé, yóò sì gbé fayólìn lọ sílé. Bí ọmọ bá dàgbà, wọn yóò dá a padà láti gba èyí tó tóbi sí i. Bí kò bá fẹ́ mọ́, òbí yóò gba owó ìdúró rẹ̀. Okùn tó bá já, òbí ni yóò rà á. Kí wọ́n má fi yàrá náà sábẹ́ olóṣèlú kankan rárá. Àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ orin ni kí ó máa bójú tó o, kí ó má baà jẹ́ pé bí ìjọba bá yí padà ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí a ti rí irú rẹ̀ rí. Bí ti Ìlọrin bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán.

Yàrá náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ àtúnṣe. Ọyẹ́ ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Èkó. Bí ó bá ti dé, pákó fayólìn yóò gbẹ, èèkàn tó di okùn mú yóò máa yọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ yóò sì là. Àwọn tó ń ṣe fayólìn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi gúlù tí wọ́n fi awọ ẹran sè lẹ̀ ẹ́, kí ojú lílẹ̀ náà lè tú kí pákó tó sán, kí á sì lè tún un lẹ̀. Bàbá kan ní Ọ̀fà gbé ti ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà nígbà tí ó là báyìí. Káfíńtà ṣe ohun tó mọ̀, ó fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ilẹ̀kùn lẹ̀ ẹ́ gbagidi. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì dé, kò ríbi tú mọ́, pákó iwájú ló sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, débi pé ọmọ ìka mi wọ ojú ibi tó sán náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ igi gbẹ́ kò wọ́n wa. Kí wọ́n rán méjì nínú wọn lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì máa san owó oṣù fún wọn nínú yàrá náà.

Kí wọ́n dá olùkọ́ orin padà sí àwọn ilé-ìwé ìjọba. Kí wọ́n máa san owó olórin lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sì pa á láṣẹ níbi gbogbo ayẹyẹ ìjọba pé ẹni tó bá pẹ́ dé, bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí títí orin yóò fi parí.

Fayólìn ọmọdé wà nílé mi, ti ìlàjì àti ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, pẹ̀lú àpótí àti ọ̀pá wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣí yàrá náà ni mo máa gbé wọn wá, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ orin tó ti fẹ̀yìn tì,
Tánkẹ̀, Ìlọrin.