Ẹ kọ ìpele tí ìkarahun ti wá sílẹ̀ kí ẹ tó mú un kúrò ní kúárì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn olùkọ́ tó ń kó ọmọ ilé ìwé lọ sí kúárì òkúta sìmẹ́ńtì ní Ewékorò àti Ṣágámù ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ìkarahun tó ti di òkúta ni wọ́n máa ń kó bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ibo lára ògiri kúárì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹnu á wọ́hò.

Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ka ògiri ti Ewékorò. Òkúta tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Èyí tí ìkarahun kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ ló gùn ún, òkè rẹ̀ pátápátá sì pupa. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 11 sí 12. Amọ̀ dúdú tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló wá bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 56 tí òkun ti tẹ́ òkúta yìí sílẹ̀, irú rẹ̀ sì wà ní Onigbolo ní orílẹ̀-èdè Benin. (Ẹ fọ́ òkúta Olúmọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní bá ìkarahun kan ṣoṣo níbẹ̀. Òkúta tó yọ́ nínú ilẹ̀ tó wá dì ni tiẹ̀.)

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ fi téèpù wọn ún láti ojú ibi tí òkúta pupa ti pàdé amọ̀ dúdú wá sísàlẹ̀. Ẹ má wọn ún láti ilẹ̀ kúárì, torí katakata ń gbẹ́ ilẹ̀ yẹn sí i lójoojúmọ́. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sórí bébà, kí bébà àti ìkarahun jọ wọ náílọ́ọ̀nù kan. Bó bá jẹ́ orí òkìtì òkúta tó ti kúrò lára ògiri lẹ ti ṣà á, ẹ kọ “òkìtì”. Ẹ má méfò.

Ìgbín òkun ló ń tan ènìyàn jù. Omi ti jẹ ìkarahun ọ̀pọ̀ nínú wọn tán. Ẹrẹ̀ tó kún inú rẹ̀ tó sì di òkúta nìkan ló kù, ìyẹn ò sì ní fínfín ara ìkarahun tí a fi ń mọ irú ìgbín tó jẹ́. Ara òkúta tó yí i ká ni fínfín yẹn wà, èyí tí àwọn ọmọ máa ń jù nù. Ẹ mú méjèèjì.

Ẹ má fi fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n. Ohun tó ń hó lára òkúta ń hó lára ìkarahun náà, á sì jẹ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi lásán ti tó. Èyí tó bá ti inú amọ̀ dúdú wá, kò gbọdọ̀ kan omi, kò sì gbọdọ̀ kan oòrùn: omi á sọ ọ́ di ẹrẹ̀, oòrùn á là á sí wẹ́wẹ́. Tíṣù ni kí ẹ fi wé e, kó gbẹ níbòji.

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ má sún mọ́ ẹsẹ̀ ògiri rárá. Amọ̀ òkè yẹn máa ń mu omi, á sì yọ̀ wálẹ̀ láìpariwo.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìmọ̀ òkúta,
Abẹ́òkúta