Lámilámi la lọ wò l'Ókè Ìdànrè

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèmi àtàwọn ọmọ mi gbéra láti Àkúrẹ́ lọ sí Òkè Ìdànrè, gbogbo èèyàn ń sáré gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn kí wọ́n lè ya fọ́tò lókè, àwa wá jókòó sẹ́bàá omi, à ń wo lámilámi. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀kan pupa bí epo, á bà sórí koríko, á fò, á tún padà síbi kan náà, òmíì ń fìdí kan omi tó tó tó, ẹyin ló ń yé síbẹ̀ o. Inú omi lọmọ ẹ̀ ti ń dàgbà, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Nígbà tá a wà ní kékeré, òwú la máa ń so mọ́ ọn nírù, kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà lórí àpáta yẹn tí wọn ò tíì rí níbòmíì láyé, ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn kí wọ́n tó tún rí i lọ́dún 2013. Ara àpáta tómi ń ṣàn lé lọmọ ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an làwọn kan ń ju ọ̀rá piọ wọ́tà sí!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ẹranko ìpínlẹ̀ wa ní ojú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn ní Yorùbá, torí orúkọ òyìnbó lámilámi nìkan làwọn ọmọ mi mọ̀.

Bàbá Ìbejì, Àkúrẹ́