Ìṣubú ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ jà nínú ríìngì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tí wọ́n fẹ́ di oníjàkadì bíi ti orí tẹlifíṣọ̀n ló mú wa kọ̀wé yìí. Wọ́n rí Tolú Omogbehin, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó tí gbogbo ayé ń pè ní Omos, bí òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ AJ Styles ṣe gba bẹ́líìtì ní WrestleMania, eré ńlá ilé-iṣẹ́ ìjàkadì WWE ti Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n sì rò pé gíga àti ipá nìkan ni iṣẹ́ náà gbà. Omos ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 2019 ló ti dara pọ̀ mọ́ WWE, tó ń kọ́ṣẹ́, ìjà ọjọ́ yẹn sì ni àkọ́kọ́ tó jà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìjàkadì ti Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè tó wáyé nílùú wa ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 kò ní okùn, máàkì ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó borí. Èyí tí à ń sọ ni ti ríìngì olókùn mẹ́ta, níbi tí àwọn méjèèjì ti mọ ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní irọ́. Òpin ìjà ni wọ́n ṣètò sílẹ̀. Pákó tí ẹ̀yìn ń bà lé kì í ṣe irọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣubú ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́. Á lóṣòó, á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà bí ẹni tó ń wo ìdodo ara rẹ̀, á wá jẹ́ kí ara lọ sẹ́yìn. Òkè ẹ̀yìn, láàárín èjìká méjèèjì, ló gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbàdí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìpàkọ́. Apá méjèèjì á ṣí kúrò lára díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀yìn bá kàn án, kí agbára ìṣubú lè pín káàkiri. Ìgbà yẹn gan-an ni yóò tú èémí jáde, nítorí ẹni tó bá sé èémí mọ́nú, àyà á fún un pa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi gba ara rẹ̀ dúró. Bí ẹ̀dá ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ ṣubú. Ibẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ti ń kán, ibẹ̀ ni ìgúnpá ti ń yẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé àgbọ̀n rẹ̀ ní tiẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ á lu pákó. Ọ̀nà kan tó ń ṣiṣẹ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àgbọ̀n há aṣọ kékeré kan mọ́ àyà: bí aṣọ bá bọ́, ẹ má ka ìṣubú yẹn. Ìṣubú 20 tó mọ́ lójúmọ́ sàn ju 100 tó rí játijàti lọ. Tí èyí bá ti mọ́ ara, ó lè wá ṣubú láti ìdúró.

Gbígbé èèyàn sánlẹ̀, àjọṣe ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé máa ń fò díẹ̀, a sì máa fi ọwọ́ kan ti itan ẹni tó ń gbé e. Ojúṣe ẹni tó gbé e ni láti yí i kó lè fi òkè ẹ̀yìn balẹ̀. Apá òsì ni wọ́n sábà máa ń dì mú, kí àwọn méjì tí kò pàdé rí lè mọ ibi tí ọwọ́ ń gbà bọ̀. Piledriver ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń dorí èèyàn kodò láàárín itan tí wọ́n fi ń jókòó lulẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má dán an wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ní SummerSlam, eré ńlá mìíràn ti ilé-iṣẹ́ kan náà, Owen Hart tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ṣe irú rẹ̀ fún Steve Austin. Orí Austin kọjá ibi tó yẹ kó wà, ọrùn rẹ̀ farapa, kò sì lè gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀gá bá lè ṣì bẹ́ẹ̀, kí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta?

Ẹ̀yin òǹwòran, bí ẹ bá rí rẹfirí tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè tó fi wọ́n dábùú ara wọn, ẹnì kan ti farapa gan-an nìyẹn. Ẹ yà lọ́nà fún dókítà.

Ó wá ku ríìngì fúnra rẹ̀. Ti WWE jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 níhà kọ̀ọ̀kan; 16 tàbí 18 tó fún eré tiwa, ì báà jẹ́ ní gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀ tàbí ní pápá ilé-ìwé. Òpó irin 4, irin tó dábùú ara wọn lábẹ́, pákó tó nípọn tó inṣi 2, fóòmù líle inṣi 1, kánfáàsì lókè. Àwọn wẹ́dà wa mọṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣe é bí ẹni ń ṣe géètì, gbogbo rẹ̀ á le gbagidi. Ríìngì gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ lábẹ́ ẹni tó ṣubú. Bí kò bá mì, egungun ẹ̀yìn ló ń jẹ gbogbo ìyà yẹn. Bí irin bá sì jìnnà síra jù, pákó á dá. Ẹ má lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì: ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀, orúnkún á yí. Kánfáàsì tó dẹ̀ ń kọ́ni lẹ́sẹ̀, nítorí náà ẹ fi okùn fà á le lábẹ́. Irin tí wọ́n ń yí láti fi fa okùn le jẹ́ 3 ní igun kọ̀ọ̀kan, 12 lápapọ̀. Kí ẹnì kan máa yí wọn láàárín ìjà kan sí òmíràn, torí okùn ń dẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré lù ú. Ẹni tó sáré lu okùn tó dẹ̀ lè bọ́ síta, ibẹ̀ sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4. Bí ilẹ̀ ìta bá jẹ́ kọnkéré, ẹ tẹ́ fóòmù yí i ká. Oòrùn ọ̀sán ìlú wa yìí ń mú kánfáàsì gbóná débi tí yóò fi bó awọ ìgúnpá, ẹ fi eré sí ìrọ̀lẹ́.

Inú wa dùn sí àwọn tó fẹ́ gbé àdìrẹ Ìtòkú wọ inú ríìngì. Ẹ fi rán ẹ̀wù ìjáde, èyí tí ẹ ó bọ́ sílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Àdìrẹ kì í fà, ṣòkòtò rẹ̀ á ya nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lóṣòó.

Ní ti owó, oníjàkadì tó dá dúró kò ní owó oṣù. Ìjà kan, owó kan. Òun ló ń ra bàtà, òun ló ń wọkọ̀ lọ Èkó tàbí Ìbàdàn, òun náà ni yóò bá wọn to ríìngì lọ́sàn-án tí yóò bá wọn tú u lóru. Tí-ṣẹ́ẹ̀tì àti fọ́tò tó bá tà lẹ́nu ọ̀nà lè ju owó ìjà rẹ̀ lọ. Kó gba ìwé àdéhùn tó dárúkọ iye owó, ọjọ́ ìsanwó, ẹni tó ni owó ọkọ̀ àti ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn, kó sì gba ìdajì kó tó kúrò nílé. Ẹni tó ní “a ó ríra lẹ́yìn eré”, ẹ ò ní bá a níbẹ̀ lẹ́yìn eré.

Àwọn kan ń fi abẹ gé iwájú orí kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn fún òǹwòran. A lòdì sí i pátápátá. Àrùn mẹ́dọ̀wú onípele B ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jẹ́ 3, ìkejì lẹ́yìn oṣù 1, ìkẹta lẹ́yìn oṣù 6 sí ti àkọ́kọ́, kí gbogbo oníjàkadì gbà á. Ẹ má lo aspirin kí ẹ tó jà, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹni tó bá sì forí gbá nǹkan, tó ń bi ìbéèrè kan náà léraléra, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó bì, ìjà rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bu omi tútù lé e lórí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC, ní Ìdí-Àbà. Kó má padà sínú ríìngì títí dókítà yóò fi gbà fún un, torí ìgbámọ́lẹ̀ kejì kí ti àkọ́kọ́ tó san lè pa èèyàn.

Olóòtú, bí ìpolówó irú eré yìí bá dé ọ́fíìsì yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ta ni dókítà tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì, ta ló yẹ pákó àti okùn wò, àti oṣù mélòó tí àwọn tí yóò jà ti fi kọ́ṣẹ́, kí ẹ tó gba owó wọn.

Àwa olùkọ́ni ìjàkadì,
Abẹ́òkúta.