Igbó ìwòsàn ní Texas kì í ṣe igbó ọmọ ìta

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a wà ní Houston ló rò pé igbó ìwòsàn tí ìpínlẹ̀ Texas fọwọ́ sí kò yàtọ̀ sí igbó tí àwọn ọmọ ìta ń fà. Lábẹ́ òfin ọdún 2015, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníwárápá nìkan, dókítà ló ń tẹ orúkọ aláìsàn àti ìwọ̀n oògùn rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tà á. Mímu ún bíi sìgá ṣì jẹ́ èèwọ̀.

Àtúnṣe ọdún 2025 fi ìrora tí kì í lọ bọ̀rọ̀ kún àwọn àìsàn tí òfin náà gbà láyè, ó sì sọ iye ìwé àṣẹ fún àwọn tó ń tà á di 15. Mo fara mọ́ ọn. Bàbá kan tí jẹjẹrẹ ń bá fínra ń kán òróró igbó ìwòsàn sábẹ́ ahọ́n lójú mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ka ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sókè. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀daràn? Owó oògùn náà ló ń kọ mí lóminú, nítorí àpò ara ẹni ni aláìsàn ti ń san án, iléeṣẹ́ adójútòfò kò dá sí i.

Òǹkàwé yín,
Houston, Texas