Ẹ gba bíréèkì eré ìje yín, ẹ dá owó mi padà

Sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ kọsítọ́mà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa kọ̀wé sí yín lórí bíréèkì pádì àti dísìkì (irin róbótó ẹ̀yìn táyà tí pádì ń dì mú kí mọ́tò tó dúró) tí mo rà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, orí WhatsApp ni, ọmọ tó ń dáhùn níbẹ̀ ní kí n ṣe sùúrù, ó máa mọ́ra. Kò mọ́ra. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí gígùn, kí ẹ̀yin ọ̀gá fúnra yín lè kà á, torí nǹkan tí wọ́n ń sọ fún àwa oníbàárà lórúkọ yín, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má mọ̀ sí i.

Lexus IS 350 ni mọ́tò mi, ti 2008, tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lágbára, V6 ni, 3.5 lítà, ẹsẹ̀ ò tíì tẹ̀ ẹ́ tán tó ti fò, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò iṣẹ́ ni mo fi ṣe. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń kúrò nílé ní Ìkòròdú, mo máa gba Mile 12 àti Kẹ́tu kí n tó bọ́ sórí Third Mainland, Marina ni ọ́fíìsì mi wà. Ká lọ bẹ́ẹ̀, ká bọ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé màá gbé àwọn ìbejì lọ lẹ́sìnnì, ìgbà míì màá gbé màmá mi lọ sí Ìbàdàn. Kò sọ́jọ́ kan tí mo fi sá eré ìje.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún yín kí n tó sanwó. Ẹ wo ohun tí mo kọ, ó ṣì wà lórí fóònù mi: "Lexus IS 350, 2008. Ojoojúmọ́ ni mo ń wà á. Go-slow pọ̀ lọ́nà mi. Mo ń gbé ọmọ àti ìyá mi. Mo fẹ́ pádì tí ò ní pariwo àti dísìkì tó máa pẹ́." Ọmọ yín dáhùn pé, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́tò yín mọ́tò eré ni, nǹkan tó bá a mu la máa fún yín." Mo rò pé ó gbọ́ mi. Orúkọ mọ́tò nìkan ló gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi dísìkì ti IS 250, àbúrò mọ́tò mi, ránṣẹ́, fífẹ̀ ti iwájú ẹ̀ jẹ́ 296 mílímítà, nígbà tó jẹ́ pé 334 ni tèmi. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i pé ó kéré, mo dá a padà, ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ìyẹn ò bí mi nínú, àṣìṣe lè bá ẹnikẹ́ni. Èyí tẹ́ ẹ wá pààrọ̀ ẹ̀ sí gan-an ni wàhálà: dísìkì oníhò, wọ́n lu ihò yí i ká, wọ́n tún fi irin fa ilà sí i lára, pẹ̀lú pádì tó wà nínú páálí dúdú tẹ́ ẹ fi rọ́bà lẹ̀ pa. Ó dáa lójú, mi ò ní purọ́. ₦285,000 ni mo san, iwájú àti ẹ̀yìn, yàtọ̀ sí ₦25,000 tí mo fún mẹkáníìkì.

Ìgbà tí mẹkáníìkì mi ya páálí yẹn ló rí pépà kékeré kan nísàlẹ̀, òyìnbó wínníwínní, ó sọ pé pápá eré ìje ni pádì yìí wà fún, kí wọ́n má lò ó lójú títì. Kò rò ó sí nǹkan, ó ti dì í mọ́ mọ́tò tán kó tó fi hàn mí. Mo fi fóònù ya pépà náà. Nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ ní bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àti pé tí páálí bá ti ya, ẹ ò lè gbà á padà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ka pépà tó wà nínú páálí kó tó ya á?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà ṣófo díẹ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Third Mainland ní Adéníji Adélé, mi ò tíì tẹ bíréèkì dáadáa láti ìgbà tí mo ti gùn ún. Dànfó kan já wọ iwájú mi láìtan iná, mo tẹ bíréèkì, pẹ́dàlì le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ṣùgbọ́n mọ́tò ò dúró, ó kàn ń yọ̀ lọ bíi pé igi ni wọ́n fi ṣe pádì, mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó wá gbá dísìkì mú. Tí n bá na ọwọ́ láti iwájú mọ́tò mi, màá fọwọ́ kan bọ́ńpà dànfó yẹn. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn tí mo sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n, mi ò lè wa mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ yẹn ni mo dúpẹ́ pé àwọn ọmọ ò sí lẹ́yìn.

Ọjọ́ tí mo sọ fún yín, èsì tẹ́ ẹ fún mi ni pé tó bá ń pariwo, kí n fi gíríìsì sẹ́yìn pádì. Ariwo kọ́ ni mo wí o. Ó ń pariwo lóòótọ́, ní Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí àwọn tó ń ta gálà máa ń yíjú wò mí, eruku ẹ̀ sì ti jẹ ríìmù mi di aláwọ̀ ìpẹtà, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mọ́tò tí ò dúró nígbà tí mo ní kó dúró ni ẹ̀tẹ̀ tèmi.

Nígbà tó yá ẹ ní mi ò tẹ́ pádì náà bó ṣe yẹ, ìyẹn ni pé mi ò fi eré àti bíréèkì mú un gbóná kó lè bá dísìkì mọ́ra. Mo tẹ́ ẹ. Ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀, mo gbé e lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn, mo sá a dé 90, mo tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 20 láìjẹ́ kó dúró pátápátá, bẹ́ẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, mo wá ń wà á lọ jẹ́jẹ́ láìtẹ bíréèkì kó lè tutù. Lẹ́yìn tó gbóná yẹn, ká sọ òótọ́, bíréèkì yẹn mú ju gbogbo èyí tí mo ti lò rí lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Pádì eré ìje, ooru ló ń jẹ kó tó ṣiṣẹ́. Lórí pápá, awakọ̀ ń sá eré burúkú, ó ń tẹ bíréèkì ní kọ́nà dé kọ́nà, dísìkì ò ráyè tutù. Èmi ńkọ́? Láti Mile 12 dé Kẹ́tu, eré 10, eré 15 ni, mò ń rá bíi ìgbín, kí ló fẹ́ mú dísìkì gbóná? Lórí afárá tí ọ̀nà bá wá já, mo lè sáré fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láìtẹ bíréèkì rárá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, tí òjò bá tún ti rọ̀ ó ti tutù pátápátá, orí pádì tútù yẹn sì ni ẹ̀mí mi wà tí dànfó bá já wọlé. Ẹ lè tẹ́ pádì yẹn nígbà ọgọ́rùn-ún, kò lè sọ ọ́ di pádì ojú títì.

Mo ti wá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ pádì ojú títì, pàápàá èyí tó ń ti Amẹ́ríkà wá, máa ń ní lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ara ẹ̀. Àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú nígbà tí ooru ò tíì pọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná gan-an. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń dì í mú, bó bá ṣe ga sí ló ṣe ń dì í mú sí: E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. Èyí tí mo tú kúrò, FF ló wà lára ẹ̀, ó jọra ní tútù àti ní gbígbóná. Èyí tẹ́ ẹ fún mi, a yí i síwá sẹ́yìn, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ìyẹn fún mi.

Ọ̀rọ̀ dísìkì ló wá kẹ́yìn. Oṣù kejì ò tíì pé, a ń bọ̀ láti Ìbàdàn, stíárín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi tí n bá ti tẹ bíréèkì. A tú táyà, ìlà tín-ín-rín bí irun ti ń sá láti inú ihò kan dé èkejì lára dísìkì iwájú, ọ̀tún méjì, òsì ọ̀kan. Mẹkáníìkì mi ò jẹ́ kí n gbé e jáde mọ́, ó ní dísìkì tó bá ti là bẹ́ẹ̀ lè fọ́ lójú ọ̀nà. Ihò yẹn rẹwà, ó sì ń jẹ́ kí omi tètè kúrò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni irin ti kọ́kọ́ ń là, torí irin ti dín kù níbẹ̀. Fún èmi tí mò ń lọ sí Marina, dísìkì pẹrẹsẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbàárín ẹ̀ kọjá, irú èyí tó bá mọ́tò wá láti Japan, pẹ̀lú pádì sẹ̀rámíìkì, ni mo nílò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ni mo padà lọ rà ní Ládípọ̀. Owó ẹ̀ ò tó ti yín. Ó ti lé lóṣù kan báyìí, kò pariwo, ríìmù mi mọ́, tí n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìdájí nínú òjò, ó dúró.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ta pádì eré ìje mọ́. Ẹni tó ń gbé mọ́tò ẹ̀ lọ sá eré ní pápá, ẹ tà á fún un, ó máa gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé ibiṣẹ́ lòun ń lọ, pé ọmọ wà lẹ́yìn, ẹ má wo orúkọ mọ́tò kẹ́ ẹ gbàgbé ẹni tó ń wà á.

Nǹkan tí mo fẹ́ nìyí. Kẹ́ ẹ dá ₦285,000 mi padà, pẹ̀lú ₦25,000 tí mo fún mẹkáníìkì, torí ọjà yín ló fà á. Kẹ́ ẹ rán ẹni wá gbé dísìkì àti pádì yẹn, mi ò ní tà á fún ẹlòmíì, mi ò fẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó wà lórí pépà kékeré yẹn síta páálí, ní lẹ́tà gàdàgbà, kéèyàn rí i kó tó sanwó. Mo so àwòrán rìsíìtì, pépà, dísìkì tó là àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí WhatsApp mọ́ lẹ́tà yìí.

Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá kó gbogbo ẹ̀ lọ bá àwọn FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, torí òfin ààbò oníbàárà ti 2018 wà, ọjà tó lè ṣèpalára fúnni kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè sọ pé ẹ ò gbà padà torí pé páálí ti ya.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú