Ojú Ọjọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Kí Ara Wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Mo ń fèsì sí lẹ́tà òǹkàwé kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹni tó kọ̀wé pé àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ènìyàn kí, àti pé ẹni tó bá ń kọ́ èdè wọn kò lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní ìgboro. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Mo lo oṣù mẹ́rìnlá lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Leeds, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà lẹ́yìn tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ohun tí òǹkàwé náà rí, èmi náà rí i ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kí ènìyàn o. Ibi tí àwa ti ń retí ìkíni ni wọn kì í gbé e sí.

Ní Kétu, kò sí ipò tí a lè bá ènìyàn tí kò ní ìkíni tirẹ̀: ẹ kú ọjà fún ẹni tó ń tajà, ẹ kú ìdúró fún ẹni tó dúró, ẹ kú ewu ọ̀nà fún ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá ìyá àgbàlagbà kan lórí ìjókòó ní ibùdókọ̀, mo wá “ẹ kú ìjókòó” títí nínú ìwé atúmọ̀ èdè mi, n kò rí i. Mo bi ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ará Nàìjíríà a máa sọ pé “well done” fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún Òyìnbó tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀, ó lè rò pé máàkì ni mo ń fún òun bí ọmọ iléèwé.

Ojú ọjọ́ ló dúró ní ipò gbogbo “ẹ kú” wa níbẹ̀. Òjò, òtútù, afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè pàdé ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ìlú yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán, kò sì sí ẹni tí kò kàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó dúró tì mí ní, “Lovely day, isn't it?”, ìyẹn ni pé ọjọ́ òní dára, àbí? Mo gbójú sókè, mo rí ìkùukùu, mo sì fi gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní ṣàlàyé fún un pé oòrùn kò tíì yọ, àti pé ó kéré tán, ìdajì ojú ọ̀run ló ṣú. Ó ní, “Right,” ó sì kọjú sí fóònù rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ àṣìṣe mi. Bí a bá kí ènìyàn ní Kétu pé ẹ kú òjò, ta ni yóò jiyàn pé òjò náà kò tó èyí tí à ń kíni sí? Ẹni tó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kò béèrè ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ó ń sọ pé òun ti rí ẹni ni. Kí a gbà fún un, kí a sì fi díẹ̀ lé e, bí àpẹẹrẹ pé ti àná burú ju èyí lọ, ìtàkúrọ̀sọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìrù gbólóhùn náà, “isn't it”, ló fún mi ní wàhálà jù. Tiwa ni “àbí”, ti Faransé ni “n'est-ce pas”, méjèèjì kì í sì í yí padà, ohun yòówù tí a bá sọ ṣáájú wọn. Ti Gẹ̀ẹ́sì a máa yí tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe àti ẹni tí à ń sọ: “didn't she”, “won't they”. Bí gbólóhùn bá sì jẹ́ ti kò-rí-bẹ́ẹ̀, ìrù rẹ̀ á di ti ó-rí-bẹ́ẹ̀: “It isn't warm, is it?” Inú mi dùn sí i gẹ́gẹ́ bí oníṣirò, ó dà bí àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò tó ń gba àyè ara wọn, ṣùgbọ́n kí n tó ṣírò rẹ̀ tán, bọ́ọ̀sì ti dé. Mo wá ń lo “isn't it” fún gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bínú sí mi. Ohun tó burú ni kí a má fi ìrù kankan sí i, nítorí òun ni a fi ń na ọ̀rọ̀ sí ẹnìkejì.

Ìkíni mìíràn tún wà tí ìwé mi kò kọ́ mi. “You all right?” kì í ṣe ìbéèrè nípa àìsàn, bí mo ti kọ́kọ́ rò tí mo sì ń sọ̀rọ̀ orúnkún mi fún ọmọkùnrin tó ń gba owó ní ilé ìtajà. “Now then” jẹ́ ìkíni pọ́ńbélé ní agbègbè yẹn. Àwọn obìnrin tó ń tajà sì ń pe ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ní “love”, èmi bàbá àgbà, tí ìyàwó mi kò pè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

Àwa ará Kétu tún ní ẹrù kan tí àwọn ìbátan wa ní Ìmẹ̀kọ, ní apá Nàìjíríà, kò rù. Láti ìgbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà ní 1889, tí ìlú wa sì bọ́ sápá Faransé, inú Faransé ni a ń gbà kọjá sí èdè Òyìnbó yòówù. Mo fẹ́ bi aládùúgbò mi léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtírí, mo sì ní, “I demand you”, nítorí “demander” ni ìbéèrè lójú tèmi. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn ẹni tó ń pàṣẹ nìyẹn. Ojú ọkùnrin náà yí padà, àfi ìgbà tí ọmọ mi sáré jáde wá tún un ṣe.

Ìbéèrè tiwa gan-an, pé ilé ńkọ́, pé àwọn ọmọ ńkọ́, lè dà bí ìtọpinpin létí àjèjì níbẹ̀. Ajá ni kí a béèrè. Ìyá ibùdókọ̀ yẹn sọ orúkọ ajá rẹ̀ fún mi ní ọjọ́ kejì tí a pàdé, ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti oúnjẹ tí kì í jẹ. Orúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n títí mo fi padà sílé. Níbí ni mo ti gbà fún òǹkàwé Àjàṣẹ́: ọ̀rọ̀ náà kì í sábà kọjá ibùdókọ̀, kò sì sí ẹni tó pè mí wá jẹun.

Ṣùgbọ́n ọdún méje ni ọmọ wa fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iléèwé girama wa, títí dé báàkì, ìdánwò àṣejáde rẹ̀, ó sì lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí ó má mọ ohun tí yóò sọ fún ẹni tó dúró tì í. Mo bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n yọ ìṣẹ́jú mélòó kan nínú kíláàsì fún ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn. Ní ti òǹkàwé wa, bí ó bá tún padà lọ, kí ó lọ dúró ti ẹni tó mú ajá dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu.